Ọ̀nà Tí Iyọ̀ Ń Gbà Wọlé

Ìyá ìyá mi, Jobeda, kò kàwé kọjá orúkọ ara rẹ̀,
ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ìka mẹ́ta lè bù nínú iyọ̀.
Tọ́ ọ wò, ó máa ń wí.
Bí ó bá níyọ̀ ju omijé lọ, dà á nù, tún òmíràn pò.

Ọdún tí ìjì gbé òkun wọ erékùṣù wa lẹ́nu odò Meghna,
tí òkú màlúù ń léfòó nínú kànga,
onígbáméjì bá omi wọlé.
Igbá kan lókè, igbá kan nísàlẹ̀,
àwọn ọmọdé ń tú dànù láàárín méjèèjì.

Wọ́n gbé Tuhin, ọmọ Korban atukọ̀, wá
lórí ilẹ̀kùn tí ìjì já kúrò lára ilé.
Ojú rẹ̀ ti jìn sínú. Fa awọ ikùn rẹ̀, kò ní padà.
Kò lè sunkún mọ́. Omi la fi ń sunkún.

Èmi tí mò ń kọ èyí, inú yàrá tútù kan ní Dhaka ni mo wà,
mò ń ka ìwé lórí awọ sẹ́ẹ̀lì:
ọ̀rá ìpele méjì, tó fẹ́lẹ́ débi pé
bí o bá to ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá léra, kò nípọn tó bébà kan.
Orí ọ̀rá náà fẹ́ràn omi, ìrù rẹ̀ kórìíra omi,
nítorí náà wọ́n kọjú síta, wọ́n fi ìrù pàdé nínú òkùnkùn.
Kì í ṣe ògiri. Ó ń yí, ó ń ṣàn bí òróró lójú ọbẹ̀.
Afẹ́fẹ́ ń gbà á kọjá láìtọrọ gáfárà.
Iyọ̀ tó yọ́ ní iná kékeré lára, ọ̀rá kò gbà á.
Àfi kó wá ilẹ̀kùn.

Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ń gbọ́n iyọ̀ síta tọ̀sán tòru,
bí Korban ṣe ń gbọ́n omi inú ọkọ̀ rẹ̀,
tó mọ̀ pé ọjọ́ tí òun bá sùn lọkọ̀ rì.

Ilẹ̀kùn mìíràn ni àrùn yìí dì mú.
Ó fi igi há a, kò ṣeé tì mọ́.
Iyọ̀ ń tú jáde, omi ń tẹ̀lé e bí ọmọ ṣe ń tẹ̀lé ìyá.
Fún ọmọ lómi lásán, yóò bá ti àkọ́kọ́ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà kan kù tí àrùn náà kò fọwọ́ kàn.
Oníbodè ibẹ̀ kì í ṣí fún iyọ̀ nìkan,
kì í ṣí fún ṣúgà nìkan.
Ẹ fọwọ́ kọ́wọ́, ẹ jọ wá.
Nígbà náà ni yóò yí padà, kọjú sínú, tú wọn sílẹ̀,
omi á sì rọra wọlé lẹ́yìn wọn.

Jobeda kò rí oníbodè kankan.
Abọ́ kan tí etí rẹ̀ ti tẹ̀ ló ní, àti omi sísè,
ìka mẹ́ta iyọ̀, ẹ̀kúnwọ́ gúrì,
oje ọ̀pẹ dàbínù tí wọ́n sè títí tó fi dì.
Ṣíbí kan. Tuhin bì í.
Ṣíbí kan. Ó bì í.
Ṣíbí kan. Ó dúró.
Láti Àlàásárì títí wọ́n fi pe ìrun Àsùbáá.

Ilẹ̀ mọ́, ọmọ náà tọ̀ sára.
Ìyá ìyá mi hó yèè bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.
Nítorí ìtọ̀!

Kì í ṣe gbogbo wọn ló tọ̀.
Ọmọ mọ́kànlá ló kà fún mi lórúkọ,
kò fo ọ̀kan.

Mo ya oníbodè náà fún un lọ́jọ́ kan,
lẹ́yìn ìwé owó iná.
Ó gbé e súnmọ́ fìtílà, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì,
ó ní kò jọ ẹnikẹ́ni tí òun mọ̀.
Ó wá bi mí bóyá mo ti jẹun.